Ọjọ́ tí Múítì Aránṣọ Ṣọ́lé fún Àparò

Ọdún kẹtalélọ́gbọ̀n rèé tí Múítì aránṣọ ti ń tẹ̀lé Àparò, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Anié, kò sì tíì fojú kan ife kan tí wọ́n gbà wálé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n gòkè kúrò níbi tí wọ́n wà, ọdún kan náà ni wọ́n sì lò lókè tí wọ́n fi jábọ́ padà. Láti ìgbà náà, líìgì àgbègbè ni wọ́n ń gbá, níbi tí pápá kò ti ní koríko, tí àwọn tó ń wòran kì í fi bẹ́ẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún, tí ẹni tó ń da màlúù lè kọjá láàárín pápá nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, kí rẹfirí sì dúró dè é.

Bàbá Múítì ló kó ẹrù aṣọ wá láti Nàìjíríà, tó ń tà á lọ́jà Atakpamé títí ó fi kú. Múítì ní tirẹ̀ kò mọ ọjà tà. Kò ní ẹnu tí wọ́n fi ń fa oníbàárà mọ́ra. Aṣọ rírán ló kọ́. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí Anié, ó gba ṣọ́ọ̀bù kan létí títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí àríwá. Lọ́dún náà gan-an ló lọ bá àwọn Àparò pé òun fẹ́ máa bá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní kó sáré fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, ẹni tó ń kọ́ wọn nígbà náà gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹsẹ̀ rẹ wúwo." Múítì kò bínú. Ó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó jẹ́sì wá bá a pé kó bá wọn rán nọ́ńbà mọ́ ọn lẹ́yìn, òun ló sì ń rán an láti ìgbà náà.

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́kàn kúrò lára ohun púpọ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó bá mọ̀ ọ́n gbá kì í pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lomé á pè é, tàbí Cotonou, tàbí kó ríṣẹ́ sí Atakpamé kó má lè wá mọ́. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n gbá ló máa ń kù sílé. Múítì ti rán nọ́ńbà kẹsàn-án sẹ́yìn jẹ́sì fún ọmọkùnrin tó lé ní ogún, bóyá ẹni mẹ́ta nínú wọn ló ṣì ń kí i bó bá kọjá ní Anié.

Àwọn ọ̀dọ́ ìlú kò tilẹ̀ ka Àparò sí. Ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè lórí tẹlifíṣọ̀n kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Múítì, bó bá sì di ọjọ́ Sátidé, ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kó gbọ́ dídún ẹ̀rọ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́ kan tó wá gba ṣòkòtò bi í pé, "Bàbá, kí lẹ rí lára àwọn Àparò yìí gan-an? Wọn ò mọ bọ́ọ̀lù gbá."

"Mo mọ̀," ni Múítì wí.

"Ẹ ò ṣe bá wa tẹ̀lé ẹgbẹ́ gidi?"

Múítì fi eyín gé òwú. "Ẹgbẹ́ tí ẹ̀yin ń tẹ̀lé kò mọ̀ pé ẹ wà láyé. Bí mi ò bá dé pápá Àparò lọ́jọ́ Àìkú kan ṣoṣo, ó kéré tán, ẹni márùn-ún á béèrè mi."

Ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀dọ́ náà lọ, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó máa béèrè òun. Kò lè kà ju mẹ́ta lọ láìṣiyèméjì.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Isidore, akọ́nimọ̀ọ́gbá Àparò, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé, àwọn tí èdè wọn sún mọ́ Yorùbá. Ó fi ọdún mẹ́rin ju Múítì lọ. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, Tíṣà á sọ Ifẹ̀, Múítì á fi Yorùbá dá a lóhùn, bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti òfin líìgì, àwọn méjèèjì á jọ bọ́ sínú Faransé. Ọdọọdún ni Tíṣà ń sọ pé ó ti tó, òun á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọdọọdún ni kì í rí ẹni tí yóò gbà á.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ọ́fíìsì líìgì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún wá, kí wọ́n lè ṣe káàdì fún wọn. Àparò kò ní ju ogún lọ. Tíṣà kọ orúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tó wà ní Kara, ó ku ẹyọ kan. Ó kọ ti Múítì. Múítì ya fọ́tò, ó ṣí fìlà fún un. Akọ̀wé wo ọdún tí wọ́n bí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Fáìlì Tíṣà ni káàdì náà ń gbé pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Múítì kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, ṣùgbọ́n ìgbà tó ti ní kí Tíṣà jẹ́ kí òun wo káàdì náà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún, wọn kò rí ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí Amlamé, wọn kò sì lọ. Líìgì kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹgbẹ́ tí kò bá yọjú lẹ́ẹ̀kejì, wọn á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bí wọ́n bá sì yọ Àparò, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò tún un dá sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí nígbà tí ó kan wọn láti lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Moretan, lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù ààwẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Mùínátù ìyàwó Múítì ń to ọṣẹ sínú igbá fún ọjà nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ tó ń di àpò jẹ́sì.

"Bàbá Bàrákátù, Moretan náà lẹ fẹ́ lọ nínú oòrùn yìí? Pẹ̀lú ààwẹ̀ lẹ́nu?"

"Mi ò ní pẹ́."

"Ọdún mélòó lẹ ti ń sọ pé ẹ ò ní pẹ́?" Ó gbé ọṣẹ mìíràn sí i. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ti bínú sí Àparò tán láti ìgbà tí wọ́n ti bí Bàrákátù, ọmọ wọn àgbà, tí Múítì sì wà ní Badou tó ń wo bí wọ́n ṣe ń na Àparò. Nísinsìnyí ó kàn máa ń béèrè ni. "Ẹ mú agbòòrùn dání, ó kéré tán."

Ó mú agbòòrùn dání.

Takisí méjì ni wọ́n háyà. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà há sínú èyí àkọ́kọ́. Méje mìíràn, pẹ̀lú àwọn aṣọ́lé méjèèjì láàárín wọn, dúró de ìkejì tí awakọ̀ rẹ̀ ṣì ń pààrọ̀ táyà. Tíṣà gun alùpùpù rẹ̀, Múítì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó gbé àpò jẹ́sì sórí itan. Ọ̀nà náà le. Ọyẹ́ ti lọ, òjò kò tíì dé, eruku pupa ń rú sókè bí èéfín lẹ́yìn gbogbo ọkọ̀ tó bá yà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n rọra ń lọ, nítorí ẹ̀yìn ń dun Tíṣà. Nígbà tí wọ́n kọjá odò Mono, Múítì bojú wẹ̀yìn, kò rí takisí kejì. Ó tún bojú wẹ̀yìn lẹ́yìn abúlé méjì.

"Ṣé wọ́n ń bọ̀?" ni Tíṣà bi í.

"Mi ò rí wọn."

"Wọ́n á bá wa."

Nígbà tí wọ́n dé Moretan, àwọn mẹ́fà tó kọ́kọ́ dé ti jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń mu omi inú ọ̀rá. Aago méjì ti lé. Aago mẹ́ta ni ìdíje. Luc, ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi alùpùpù gbé èrò ní Anié, ti pe fóònù àwọn tó kù títí bátìrì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Kò wọlé. Níkẹyìn, ẹni kan tó gun kẹ̀kẹ́ dé láti ọ̀nà odò sọ fún wọn pé òun rí takisí kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, tí àwọn ọmọkùnrin kan jókòó yí i ká lẹ́bàá igbó. Kò sí ọkọ̀ mìíràn lọ́nà náà, nítorí ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ọjà.

Múítì gbọ́. Ó lọ ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó kírun.

Philippe ni orúkọ ẹni tí líìgì rán láti Atakpamé láti wá mójú tó ìdíje náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, tí ọjọ́ Àìkú rẹ̀ náà ń parẹ́ sórí ọ̀nà eléruku. Ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn Àparò pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́.

"Tíṣà, mẹ́fà ni mo kà."

"Àwọn yòókù wà lọ́nà."

"Òfin ní ẹgbẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí kò tó méje. Bí aago mẹ́ta bá lù, mo lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò yọjú." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹ má bínú sí mi."

"A kò bínú sí yín," ni Tíṣà wí.

Luc ní kí Tíṣà ṣí fáìlì, bóyá orúkọ ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń gbé nítòsí. Tíṣà ń ṣí káàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí ọ̀kan, ó dúró. Ó wo apá ibi tí Múítì ti ń ká ẹní ìrun rẹ̀.

"Múítì, o wà nínú rẹ̀."

"Nínú kí ni?"

"Nínú fáìlì."

Múítì kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó rí ojú Tíṣà, ó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

"Tíṣà, mo gbààwẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí."

"Èmi ni mo kọ ọ́ sórí káàdì."

Luc fi orúnkún kan kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, a ò ní kẹ́ ẹ gbá bọ́ọ̀lù. Kẹ́ ẹ ṣáà dúró sẹ́nu ilé. Bí ẹ bá ti dúró síbẹ̀, a pé méje. Àwa á máa sá kiri."

Nígbà tí wọ́n bi Múítì lẹ́yìn náà pé kí ló rò ní àkókò yẹn, ó ní òun kò ro ìlú Anié, òun kò sì ro ògo kankan. Ohun tó wá sí òun lọ́kàn ni ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, tí òun jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tí kò sí ibì kankan tí òun ń lọ. Ó na ọwọ́ gba jẹ́sì aṣọ́lé, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rán nọ́ńbà kìíní sí lẹ́yìn. Ó há a níkùn. Kò ní bàtà. Aṣọ́lé kejì ti Moretan, tó mọ̀ pé òun kò ní wọ pápá lọ́jọ́ náà, bọ́ tirẹ̀ fún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó tóbi. Múítì ki bébà sí i lẹ́nu.

Nígbà tó ń rìn lọ sẹ́nu ilé, àwọn èrò Moretan bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ibi nínú ẹ̀rín náà. Bàbá arúgbó kan tó fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, nínú jẹ́sì aláwọ̀ ewé tó há: ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Òun náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Kí rẹfirí tó fọn fèrè, Philippe tún kìlọ̀ fún Tíṣà pé bí ẹnìkan bá fara pa, tí wọ́n bá ku mẹ́fà, ìdíje á parí lójú ẹsẹ̀, òun á sì kọ ọ́ bí ẹni tí kò yọjú. Tíṣà sọ ọ́ fún Luc, Luc sọ ọ́ fún àwọn yòókù. "Kí ẹnikẹ́ni má lọ síwájú. Kí ẹnikẹ́ni má na ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù tí kò lè dé. Bí ẹ bá ṣubú, ẹ dìde."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni Moretan fi gbá èyí àkọ́kọ́ wọlé. Múítì kò tilẹ̀ rí i dáadáa. Ó gbọ́ ìró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó yíjú, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Ó lọ gbé e, ó jù ú fún Luc. Ìkejì dé. Ìkẹta dé láti ìdí kọ́nà. Oòrùn wọ̀ ọ́ lójú tààrà, agbòòrùn rẹ̀ sì wà lábẹ́ máńgòrò. Nígbà tí ìkẹrin ń bọ̀, ó gbìyànjú, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ sápá òsì bó ti rí àwọn aṣọ́lé ṣe é fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ilẹ̀ le bí amọ̀ sísun. Orúnkún rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, ó gbọ́ bí nǹkan ṣe ró níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti kọjá kí ó tó balẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ó rí Philippe tó ti dìde lórí àga rẹ̀, tí ó na ọrùn. Ó rí Luc tó ń sáré bọ̀.

"Bàbá, ẹ lè dìde?"

"Fún mi lọ́wọ́."

Wọ́n fà á dìde. Ẹsẹ̀ náà ṣì gbé e, bí kò bá ti yí i.

Wọ́n ti gbá márùn-ún wọlé nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìsinmi. Múítì jókòó sórí gbòǹgbò igi máńgòrò, ètè rẹ̀ ti funfun. Ìyá kan tó ń ta omi tútù nítòsí, Élisabeth ni wọ́n ń pè é, gbé abọ́ omi wá síwájú rẹ̀. Tíṣà tètè sọ fún un ní Ifẹ̀ pé ọkùnrin náà ń gbààwẹ̀. Ìyá náà kò gbé abọ́ kúrò. Ó wo Múítì títí.

"Ẹni tó rìnrìn àjò ni yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" ni ó wí. "Ọkọ àbúrò mi, ẹlẹ́sìn yín ni. Ó ní Ọlọ́run kì í há gbogbo ọ̀nà mọ́ arìnrìn-àjò."

Múítì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ààwẹ̀ rẹ̀ kò já rí, àfi lọ́dún tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Ó wo omi náà. Ó ronú pé bí òun bá ṣubú ní ìlàjì kejì, tí òun kò lè dìde, gbogbo ìyà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jẹ, asán ni. Ó gbé abọ́, ó ní "Bisimilláhì", ó mu ún títí ó fi tán. Tíṣà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni ń wo nǹkan lókèèrè. Ojú ti Múítì, omi náà sì dùn mọ́ ọn, ìtìjú àti adùn náà jọ wà nínú rẹ̀ nígbà tó dìde.

Ní ìlàjì kejì, Moretan gbá mẹ́ta sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan yí padà. Àwọn ọmọ Moretan bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Wọ́n ń ti bọ́ọ̀lù láàárín ara wọn, síhìn-ín, sọ́hùn-ún, láìwá sẹ́nu ilé mọ́. Àwọn èrò pàápàá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnìkan nínú wọn pàtẹ́wọ́ nígbà tí Múítì mú bọ́ọ̀lù kan tó yí lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ọmọ ọdún márùn-ún lè mú.

Èyí ni kò lè fara dà. Ìyà kì í ṣe àjèjì sí i. Ó ti bá Àparò jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àánú ni wọn kò tíì ṣe é rí. Ó jáde kúrò lẹ́nu ilé, ó ń tiro, ó sì kígbe pé, "Ẹ gbá bọ́ọ̀lù yín! Ṣé a wá tọrọ bárà ni? Ẹ gbá a!"

Ọ̀gá àwọn ọmọ Moretan wo rẹfirí. Rẹfirí wo ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ sí Múítì bí ẹni tó tọrọ gáfárà, ó sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n bọ̀ lóòótọ́. Wọ́n gbá ìkẹsàn-án, ìkẹwàá, ìkọkànlá. Láàárín ìkẹwàá àti ìkọkànlá, ẹnìkan gbá ọ̀kan láti òkèèrè, ó le, ó lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ òpó. Múítì na ọwọ́ méjèèjì. Bọ́ọ̀lù náà bà á ní àtẹ́lẹwọ́, ó jáde. Kò mọ bó ṣe ṣe é. Luc kígbe, ó gbá a mọ́ra. Nígbà tí wọ́n gbá kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ìkọkànlá wọlé.

Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó parí nígbà tí alùpùpù méjì dé pẹ̀lú mẹ́ta nínú àwọn tó kù lọ́nà, eruku bò wọ́n títí dé ìpéǹpéjú. Aṣọ́lé wà láàárín wọn. Orúkọ wọn ti wà lórí ìwé tẹ́lẹ̀, Philippe sì gbà kí wọ́n wọlé. Luc wá sẹ́nu ilé.

"Bàbá, wọ́n ti dé. Ẹ lè jáde."

Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yìí á rò pé Múítì á ní òun kò jáde. Ó bọ́ jẹ́sì lójú ẹsẹ̀, ó nà án sí aṣọ́lé náà, ó sì ń tiro jáde láì bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, nítorí gbogbo èèyàn ń wo àwọn tó ń wọlé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tú bàtà. Nígbà tí ìkejìlá wọlé, kò gbójú sókè.

Philippe kọ méjìlá sí òdo sínú ìwé rẹ̀. Ó gbọn ọwọ́ Tíṣà. "Ẹ yọjú," ni gbogbo ohun tó sọ.

Lórí alùpùpù, nígbà tí wọ́n ń padà, wọ́n kọjá odò. Nígbà náà ni Tíṣà ní, "Kò yẹ kí n kọ orúkọ rẹ."

"Ẹ ti kọ ọ́," ni Múítì wí.

Mùínátù ń da ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́ fún ìṣínu nígbà tó wọlé. Ó rí bó ṣe ń rìn.

"Kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Mo ṣubú."

"Níbo?"

"Lẹ́nu ilé. Èmi ni mo ṣọ́lé fún wọn."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ̀yin?"

"Èmi."

"Mélòó ni wọ́n gbá wọlé?"

"Méjìlá. Ṣùgbọ́n ìkejìlá kì í ṣe tèmi."

Mùínátù gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó di ara ògiri mú. Múítì jókòó, ó ń wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti rí i tó rẹ́rìn-ín báyẹn. Nígbà tó sún mọ́ ọn, tó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, tó sì rí bí orúnkún náà ṣe wú, ẹ̀rín parí. Ó gbé omi kaná, ó wá òrí, ó sì fi ń ra á títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́. Kò bá a wí. Ìbáwí ì bá tilẹ̀ rọrùn fún Múítì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mo mu omi," ni ó sọ fún un. "Ààwẹ̀ mi já."

"Ẹ ó san án padà."

Ó san án padà, lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan tí òjò rọ̀. Orúnkún náà kò padà sí bó ṣe wà. Dókítà ní Atakpamé ní kó má máa fi ẹsẹ̀ náà tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́, kó máa fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Ní mọ́ṣáláṣí, orí àga ló ti ń kírun báyìí, lẹ́yìn pátápátá, láàárín àwọn bàbá tó dàgbà jù ú lọ.

Líìgì kò yọ orúkọ Àparò. Wọ́n parí sáà náà ní ipò kejì láti ìsàlẹ̀. Luc gba iṣẹ́ awakọ̀ ní Lomé, ó wá dágbére ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun á máa pè. Ó pè lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù keje, Tíṣà fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Kò ṣe ìpàdé, kò sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ó kó fáìlì fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ó sì padà sí ilé rẹ̀ ní Atakpamé lọ máa gbin iṣu sẹ́yìn ilé. Òun àti Múítì ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun jẹ́ ọ̀dọ́ láti Sokodé, tó kàwé nípa bọ́ọ̀lù, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń gbá a lọ. Jẹ́sì tuntun dé láti Lomé pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ ọn lára. Múítì fi àtàǹpàkò ra ọ̀kan nínú rẹ̀. Kò rí òwú. Iṣẹ́ náà dára, ó sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìdíje àkọ́kọ́ sáà tuntun, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì níbi tó ti máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà. Ọ̀dọ́ láti Sokodé náà wá bá a, ó tẹrí ba dáadáa, kò fi àbùkù kàn án.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ló ń jókòó síbí. Òfin líìgì ni."

Àwọn tó yí wọn ká jẹ́ ọmọ tuntun, wọn kò mọ ẹni tó jẹ́. Múítì ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó rìn yí pápá ká lọ sí òdìkejì, ó sì wá àyè sórí búlọ́ọ̀kù kan láàárín ọkùnrin méjì tó ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n sún fún un. Ọ̀kan bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.

Pẹ́nárítì ni wọ́n fi na Àparò lọ́jọ́ náà, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì bú rẹfirí, wọ́n gbọn ṣòkòtò wọn, wọ́n lọ. Múítì dúró títí àwọn ọmọ náà fi kúrò ní pápá, nítorí ẹni tó bá máa bá àwọn èrò rìn gbọ́dọ̀ yára, òun kò sì lè yára mọ́. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó dúró níwájú ìyá tó ń ta tòmátì nítorí Mùínátù ní kó ra díẹ̀ wálé, ó ṣa èyí tó le.

Nígbà tó dé, Mùínátù gba tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́.

"Wọ́n nà yín?"

"Wọ́n nà wá," ni Múítì wí, ó sì wá ibi tó máa na ẹsẹ̀ sí.